Iṣẹ́ Adíyelé Òfò Lẹ́yìn Ìjì ní Amẹ́ríkà: Ṣé Ó Tó Yáwó Lé Lórí?

Inú ìpàdé wa tó kọjá ni ẹ̀kọ́ oṣù yìí ti jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wá síwájú ìgbìmọ̀. Kì í ṣe ọjà ló fẹ́ fi owó náà rà, kì í sì í ṣe ilé ló fẹ́ fi kọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló ní òun fẹ́ wọ iṣẹ́ kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní catastrophe adjuster. Ó ní oṣù méjì péré ni ọ̀rẹ́ òun kan fi ṣe é, tó fi rí iye tí òun kì í rí ní ọdún kan. Ìyá náà wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ará ìgbìmọ̀, irú iṣẹ́ wo lèyí? Ṣé kì í ṣe gbájú-ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lu ọmọ mi?"

Ìgbìmọ̀ kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí á lọ wádìí rẹ̀, kí á sì fi ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa, torí ọmọ tirẹ̀ nìkan kọ́ ló wà lókè òkun.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gùn. Kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, òfin mọ̀ ọ́n, àwọn kan sì ti fi kọ́lé. Ìbéèrè kejì ló fa ẹ̀kọ́ yìí gùn: ṣé iṣẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè tìtorí rẹ̀ fi owó àjẹṣẹ́kù rẹ̀ dúró ni?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá yá owó báǹkì ra ilé, báǹkì kì í gbà fún un àfi tó bá ní ìwé ìbánigbófò, èyí tí àwa ń pè ní inṣọ́ránsì. Bí ìjì bá ká òrùlé lọ, onílé á pe ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀, á ní òun ti ṣòfò, òun ń béèrè owó. Wọn ò kàn ní máa kówó fún un bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní láti lọ wo ibẹ̀, kó gun òrùlé, kó wọ̀n ọ́n, kó ya fọ́tò, kó ka ìwé àdéhùn, kó sì kọ iye tí àtúnṣe yóò gbà. Ẹni náà ni adíyelé òfò.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ wà, owó oṣù lòun ń gbà. Èkejì ni èyí tí onílé gbà pé kó bá òun jà fún ẹ̀tọ́ òun, ìpín kan nínú owó tó bá jáde sì ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni adíyelé tó dá dúró, tí kò sí lórí ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàṣe kan wà tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí àjálù bá ṣẹlẹ̀, tí iṣẹ́ bá ju ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ inṣọ́ránsì lè dá ṣe lọ, wọ́n á pè é. Ẹ̀kẹta yìí ni ọmọ ìyá wa ń sọ.

Ìdí tí wọ́n fi nílò irú wọn kò ṣòro láti rí. Nígbà tí ìjì Katrina kọ lu Louisiana àti Mississippi ní oṣù kẹjọ 2005, ìbéèrè owó òfò tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè máa sanwó oṣù fún irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti máa jókòó de ọjọ́ tí ìjì yóò jà. Báyìí náà ló rí ní 2017, nígbà tí Harvey rọ omi lé Houston lórí ní oṣù kẹjọ, tí Irma wọ Florida, tí Maria sì wọ Puerto Rico nínú oṣù kẹsàn-án. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ máa ń fún àwọn àlejò ní ìwé àṣẹ pàjáwìrì kí iṣẹ́ lè yá. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọ̀rẹ́ ọmọ wa ti máa ń wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àkàbà àti okùn ìwọ̀n nìkan ni. Ìwé inṣọ́ránsì ilé ní Amẹ́ríkà sábà máa ń san ohun tí afẹ́fẹ́ bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í san ti omíyalé. Omíyalé ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1968, adíyelé tó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ètò yẹn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn Katrina, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ilé ti lọ, ìpìlẹ̀ nìkan ló kù. Ṣé afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ wó o ni, àbí omi òkun ló gbé e? Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, inṣọ́ránsì ilé á san án. Bó bá jẹ́ omi, tí onílé ò sì ní ìwé ti omíyalé, ó di kó máa wojú Ọlọ́run. Adíyelé ni yóò wá àmì ibi tí omi dé lára ògiri àwọn ilé tó kù ládùúgbò, tí yóò wo ọ̀nà tí igi gbà ṣubú, tí yóò sì kọ ohun tó rí. Ohun tó kọ yìí lè dé kóòtù. Iṣẹ́ ojú àti ìwé ni, ẹni tó bá rò pé òun kàn fẹ́ lọ ka páànù tó ṣí, yóò dá ara rẹ̀ àti onílé lóró.

Ó ní láti mọ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Xactimate ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ṣírò iye àtúnṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò á fi òru kọ ìwé ilé kan tí ẹlòmíràn fi wákàtí méjì kọ, wọ́n á sì tún dá a padà fún un pé kó lọ tún un ṣe.

Ó wá kan owó. Adíyelé tó dá dúró kì í gba owó oṣù. Ìwé owó iṣẹ́ kan wà, bí òfò bá ṣe tóbi sí ni owó iṣẹ́ lórí ilé náà ṣe ń tóbi. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Àwa la fọwọ́ ara wa mú àwọn iye wọ̀nyí fún àpẹẹrẹ, ẹni tó bá ní iye tó dára jù lè fi rọ́pò wọn.

Ká ní ọmọ wa ṣe ilé 100 ní ọjọ́ 60, ká sì ní owó iṣẹ́ lórí ilé kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ $500. Ó di $50,000. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan o. Ilé-iṣẹ́ alágbàṣe tó pè é á mú ìpín tiwọn, èyí tó ń kan adíyelé sábà máa ń wà láàrin 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká mú 65. Ó ku $32,500. Ibi tí àwọn ọmọ wa máa ń dúró sí nìyí nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn fún wa lórí fóònù. Àwa á máa bá a lọ. Ilé ìtura, $110 lálẹ́ kan, $6,600. Epo mọ́tò, $40 lójúmọ́, $2,400. Oúnjẹ, $35 lójúmọ́, $2,100. Àròpọ̀ rẹ̀ $11,100, torí apò ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ó ku $21,400. Ìjọba náà ń dúró. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń dá san apá tirẹ̀ àti apá tí ọ̀gá ìbá bá a san nínú owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìwòsàn àwọn arúgbó. 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni, lórí èyí tó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀. Bíi $3,020 tún lọ. Ó ku nǹkan bíi $18,380, a ò sì tíì dárúkọ owó-orí gan-an, a ò dárúkọ àkàbà, kọ̀ǹpútà àti táyà.

Bí ìjì mìíràn ò bá jà títí ọdún fi yípo ńkọ́? $18,380 yẹn ni yóò jẹ fún oṣù 12. Ó di bíi $1,530 lóṣù kan. Owó tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbà láàyè, láti 2009, ni $7.25 fún wákàtí kan. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ yóò rí bíi $1,257 lóṣù kí wọ́n tó yọ owó-orí, lábẹ́ òrùlé, láìgun àkàbà.

Àwa ò sọ èyí láti fi bu iṣẹ́ náà kù. Bí ìjì bá tẹ̀lé ìjì bíi ti 2017, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè ṣe ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìṣirò wa yìí, owó náà á sì di owó. Ohun tí à ń sọ ni pé ọdún tí ìjì jà ni wọ́n ń fi ń pe ọmọ wá sínú iṣẹ́ yìí, ọdún tí ìjì ò jà sì ni yóò fi jẹun níbẹ̀.

Ọdún tí ìjì ò jà kò sì wọ́n. Lẹ́yìn 2005 tó le bẹ́ẹ̀, kò sí hurricane kan tó kọ lu ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2006. Ẹ wo àwọn tó ra ọkọ̀ tuntun ní Kérésì 2005! Láti oṣù kẹwàá 2005, nígbà tí Wilma jà, hurricane kankan ò tún wọ Florida títí di oṣù kẹsàn-án 2016. Ìpínlẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ilé ìjì nìyẹn, ọdún mẹ́wàá ó lé. Lóòótọ́, Texas rí Ike ní 2008, New York àti New Jersey rí Sandy ní 2012, yìnyín ńláńlá sì máa ń lu òrùlé àwọn ará Texas nígbà ìrúwé, èyí tó ń fún ọ̀pọ̀ adíyelé lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá kéré, àwọn àgbà iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Ọmọ tuntun, orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé, fóònù rẹ̀ ò ní dún.

Télọ̀ wa mọ̀ pé Iléyá ń bọ̀, ó sì mọ oṣù tó ń bọ̀. Alákòókó mọ ìgbà tí kòkó ń pọ́n, bí èso tilẹ̀ kéré lọ́dún kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà títí dé òpin oṣù kọkànlá ni wọ́n ń pè ní àkókò ìjì níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò lásán ni, kò sẹ́ni tí ìjì ń bá ṣèlérí. Àwọn àgbà ti sọ ti ẹni tó gbójú lé ogún. Ẹni tó gbójú lé ìjì ńkọ́?

Owó náà sì máa ń pẹ́. Ó lè parí ilé lónìí, kó jẹ́ lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì ni owó rẹ̀ yóò wọlé, bí wọ́n bá sì dá ìwé padà fún àtúnṣe, ó tún di ọjọ́ mìíràn. Láàrin ìgbà náà, ilé ìtura ò ní dúró dè é. Bó bá ṣubú lórí òrùlé, kò sí ọ̀gá tí yóò sanwó dókítà fún un.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ìyá wa ò béèrè ṣùgbọ́n tó yẹ kó mọ̀. Káfíńtà tó ń kan pósí kì í gbàdúrà kí ènìyàn kú, síbẹ̀ ojú tí wọ́n fi ń wò ó lọ́tọ̀. Adíyelé òfò náà ń jẹ níbi tí ẹlòmíràn ti ń sunkún, àárín ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba ló sì dúró sí. Lẹ́yìn ìjì Ian, tó wọ Florida ní oṣù kẹsàn-án 2022, àwọn adíyelé kan jáde síwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, wọ́n ní iye tí àwọn kọ sílẹ̀ kọ́ ló dé ọwọ́ onílé. Wọ́n ní wọ́n ti gé e kù lẹ́yìn àwọn, orúkọ àwọn sì ṣì wà lábẹ́ ìwé. Ní 2023, Florida fi í sínú òfin pé ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì tó bá dín iye inú ìwé adíyelé kù gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ ẹni kan ṣoṣo retí ìpè ò ní rọrùn fún láti sọ pé rárá. Ẹni tó jẹ gbèsè wọbẹ̀ ńkọ́?

Iṣẹ́ náà tún ń yí padà. Wọ́n ti ń fi drone ya òrùlé láìgùn ún. Onílé ń fi fóònù ya fọ́tò ránṣẹ́, ẹnì kan á sì jókòó sí yàrá ní ìlú mìíràn, á díye lé e. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti sọ nínú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fún 2023 sí 2033 pé iye àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lápapọ̀ yóò dín kù. Ilé tó wó tán pátápátá ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò dé ibẹ̀. Páànù mẹ́ta tó ṣí kò fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan béèrè nínú ìpàdé pé ṣé irú iṣẹ́ yìí kò sí nílé ni, kí ọmọ kúkú padà wá ṣe é níbí. Ó wà. NAICOM, àjọ tó ń bójú tó inṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, ló ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ adíyelé òfò láṣẹ, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn, Institute of Loss Adjusters of Nigeria. Àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí bí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé ìtajà ńlá bá jóná, bíi ti rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020 ní Èkó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, kì í ṣe ti ẹni tó gbé àkàbà sórí mọ́tò tó ń tẹ̀lé ìjì kiri. Nígbà tí omi Ògùnpa ya wọ ilé ní Ìbàdàn ní 1980, àti nígbà tí omíyalé tún jà níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2011, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ilé wọn wó ni kò ní ìwé inṣọ́ránsì kankan. Ta ni wọn ìbá rán adíyelé sí? Owó ẹbí àti àjẹṣẹ́kù ni àwọn tó dìde fi dìde.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Houston. Bó bá jẹ́ ọmọ tiwa, kí la máa sọ fún un? Àkọ́kọ́, ìwé. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kàn dédé máa ṣe iṣẹ́ alágbàṣe fún ara rẹ̀, bó bá ṣe é láìgbàṣẹ, ìdúró rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ. Texas ń béèrè rẹ̀, Florida ń béèrè rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan kì í béèrè. Ní Texas, ẹni tó bá ṣe ẹ̀kọ́ wákàtí 40 tí ìjọba fọwọ́ sí, tó sì yege, kò tún ní lọ ṣe ìdánwò ìpínlẹ̀. Ìwé àṣẹ ò wọ́n, ohun tó wọ́n ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń gba owó ńlá, tí wọ́n sì ń ṣèlérí pé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ìjì.

Ọ̀nà tó dá wa lójú jù ni kó kọ́kọ́ wá iṣẹ́ olówó oṣù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan, kó máa ṣe òfò ojoojúmọ́, bíi páìpù tó bẹ́ àti iná tó jó ilé ìdáná. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, á ti mọ ìwé àdéhùn ka, á ti mọ Xactimate, àwọn ènìyàn á sì mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá wá fẹ́ tẹ̀lé ìjì lẹ́yìn náà, kó ní owó oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ nípamọ́, tàbí iṣẹ́ mìíràn tó ṣeé fi sílẹ̀ kó sì tún padà sí. Awakọ̀ àti káfíńtà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà ń ṣe é, owó ìfẹ̀yìntì wọn ló ń bọ́ wọn láàrin ìjì sí ìjì. Àwọn yẹn ni iṣẹ́ yìí bá lára mu jù.

Ní ti ẹ̀yáwó wa, ẹ rántí pé náírà la ń yáni, oṣooṣù la sì ń gbà á padà, pẹ̀lú èlé rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wa ò ní àlàfo tí a lè kọ "nígbà tí ìjì bá jà" sí. Bí ọmọ ò bá rí owó fi ránṣẹ́, inú ìsọ̀ ìyá ni owó náà yóò ti jáde. Bí ìsọ̀ ò bá gbé e, àjẹṣẹ́kù rẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ti àwọn onídùúró méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn ń fi tirẹ̀ pamọ́ de owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà nípasẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì ti dáhùn mẹ́ta. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ pé. Mọ́tò rẹ̀ ṣì dára, kò ní ra òmíràn. Ó sì ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì méjì fún iṣẹ́ olówó oṣù, ó ń retí èsì wọn. Èyí tí kò tíì dáhùn ni pé: oṣù mélòó lo lè jẹun láìsí ìjì? Àwọn onídùúró ní àwọn fẹ́ gbọ́ èyí kí àwọn tó fọwọ́ síwèé. Iye tí ìyá wa béèrè tẹ́lẹ̀ ti dín kù sí owó ẹ̀kọ́ wákàtí 40 àti ti ìwé àṣẹ nìkan, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí á dín in. Fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé títí di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.